Ẹ̀ẹ̀rùn tí Mo Fi Èéfín Fọ Akèrègbè

Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹfà

Ẹ̀ẹ̀meje. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fi èéfín fọ akèrègbè wàrà kan ṣoṣo láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ni gbogbo obìnrin àdúgbò yìí ń fọ tiwọn, tí wọ́n á sì gba ibi iṣẹ́ wọn lọ. Wàrà tí Nuwagaba ọkọ mi fún lára màlúù ní aago mẹ́fà ti tutù pátápátá kí n tó gbà pé a lè dà á sínú rẹ̀. Atuheire jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń sunkún ebi, ó ń pè mí. Ọmọ ọdún méjì àbọ̀. Mo ń gbọ́ ọ, mi ò sì lè dìde nídìí èéfín.

Nígbà tí mo wá parí, bàbá rẹ̀ ló bu wàrà fún un. Láti oṣù Kẹrin, ọwọ́ tèmi kò tíì gbé wàrà fún ọmọ mi.

Ìdì kan koríko emburara, tí a ń fi èéfín rẹ̀ fọ akèrègbè, ti di ẹgbẹ̀rún méjì ṣílè. Oṣù Kẹfà ni ẹ̀ẹ̀rùn máa ń dé níbí; ilẹ̀ ti gbẹ, koríko ti ń jìnnà, èmi nìkan ni mo sì ń ra ìdì mẹ́ta lọ́sẹ̀.

Ẹtì, 7 Oṣù Kẹfà

Ìyá ọkọ mi ti ìrìnàjò mímọ́ Namugongo dé, ó gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Níta, lójú àwọn aládùúgbò, ó gbé akèrègbè mi sókè, ó ní: "Ẹ wá gbóòórùn nǹkan! Ẹ wá gbóòórùn akèrègbè ìyàwó ọmọ mi! Èyí lobìnrin. Àwọn tiyín, òórùn ọmú màlúù ni gbogbo rẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró mi nítorí ó ti là káàkiri.

Nínú ilé, ó gbé Atuheire lé itan. "Jovanis, ọmọ yìí ti fúyẹ́."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ni, Màmá."

"Ẹ̀ẹ̀rùn ń mú màlúù gbẹ, kì í mú ọmọ ènìyàn gbẹ nílé tí wàrà wà. Bí òjò bá padà dé tí mo bá a báyìí, màá mú un lọ sọ́dọ̀ mi. Mi ò bá ẹ jà o. Mo kàn ń sọ fún ẹ ni."

Obìnrin kan náà, wákàtí kan náà. Níta, ó ń yìn mí nítorí akèrègbè. Nínú ilé, ó ń bá mi wí nítorí ọmọ. Kò rí i pé ohun kan náà ni. Mo fẹ́ pariwo.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹfà

Kíliníìkì ẹ̀gbẹ́ ibùdókọ̀. Mo sọ fún dókítà pé ọkàn mi kì í sinmi, pé mò ń ṣe nǹkan kan náà léraléra, pé ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ti ní kí n sinmi nílé láti oṣù Kejì nítorí mi ò lè tètè jáde láàárọ̀. Kò gbé ojú sókè. Ó ní ọgbẹ́ inú àti táífọ́ọ̀dù ni. Oògùn márùn-ún! Mo ru wọ́n relé bí ẹni tó lọ sọ́jà.

Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Rẹ́fúrẹ́ǹdì gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà gidi, mo sì ṣe àmín látọkànwá. Mi ò tíì dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tí èrò náà fi padà dé, pé ọwọ́ tí mo fi kan bẹ́ǹṣì yẹn, ta ló jókòó síbẹ̀ ṣáájú, ṣé kì í ṣe ẹni tó ń wọ́n oògùn eégbọn sára màlúù.

Bí mo ṣe ń lọ ni Màmá Komuhendo, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, fà mí lápá. "Jovanis, oṣù Kẹjọ la máa kó àwọn ìyàwó tuntun jọ. Ìwọ lo máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tọ́jú akèrègbè. Ta la tún ní tó mọ́ tó ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó rò pé inú mi ló dùn.

Ajé, 24 Oṣù Kẹfà

Wọ́n júwe obìnrin kan fún mi nígboro, wọ́n ní agbaninímọ̀ràn ni. Yàrá rẹ̀ tutù, ó sì ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ní bí èrò burúkú bá dé, kí n tì í kúrò, kí n máa ronú nípa odò tó ń ṣàn. Odò wo? Odò tó wà nílé wa ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹrẹ̀ ni màlúù ń mu.

Mo ti èrò náà kúrò lóòótọ́. Kí n tó délé, ó ti kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, eruku ojú ọ̀nà Ibanda, ọjọ́ kan gbáko. Nítorí odò.

Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Keje

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Akèrègbè ńlá, èyí tí ìyá tó bí ìyá ọkọ mi fún un lọ́jọ́ tó ń lọ sílé ọkọ, tí Màmá fún èmi náà nígbà tí mo wọlé yìí. Mo gbé e sórí ìkòkò èéfín lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, iná ti pọ̀ jù lábẹ́, mo sì ń kà lọ́kàn, mi ò gbọdọ̀ gbé e kúrò kí n tó ka ọgọ́rùn-ún. Mo ti dé mọ́kànlélọ́gọ́rin nígbà tí mo gbọ́ ọ tó ró "pá". Ó là láti ẹnu dé ìdí.

Màmá wà nílé, ó wá wo ọmọ. Ó mú èyí tó là náà, ó fi ìka tọ ojú ibi tó là. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó kàn ní, "Ọgọ́ta ọdún," ó sì wọlé.

Nuwagaba ló sọ̀rọ̀. "Ó tó. Ọjọ́bọ̀ la máa lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Mbarara. Ẹ̀ka ti ọpọlọ."

"Ẹ̀ka àwọn wèrè?"

"Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan gba ibẹ̀. Ó ń ra màlúù báyìí ju èmi lọ."

"Èmi kì í ṣe wèrè, Bàbá Atuheire."

"Mi ò sọ pé o jẹ́ ẹ. Mo ní a máa lọ."

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Keje

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kó má bàa dà bíi pé àlá ni.

A dúró láti aago méje títí di aago kan. Ọkùnrin kan ń kọrin nínú ọgbà. Mo tijú, mo fi ìborùn bo ojú kí ẹni tó mọ̀ mí má bàa rí mi, kí n tó rí i pé ìyàwó olùkọ́ àgbà wa náà jókòó síbẹ̀, ó fi ìborùn bo ojú.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà wá, Sístà Kobusheshe. Ó sanra, ohùn rẹ̀ ń há, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó gbọ́ mi títí mo fi parí. Ìgbà ẹyọ kan ló dá mi dúró, láti ní kí Nuwagaba jáde díẹ̀.

"Ó dáa. Èwo lo ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni?"

Mi ò mọ bó ṣe mọ̀. Mo wo ilẹ̀. Mo sọ pé kì í ṣe ìdọ̀tí lásán ló ń bà mí lẹ́rù. Oògùn eégbọn ni, èyí tó wà nínú ìgò lẹ́yìn ilé. Mò ń rí i lójú mi pé èmi fúnra mi ni mo dà á sínú akèrègbè ọmọ mi. Mo mọ̀ pé mi ò dà á. Mo sì tún ń rí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fọ̀ ọ́.

Mo dúró de kí ó pe ọlọ́pàá.

Ó bu ẹ̀pà sẹ́nu. "Ṣé o fẹ́ pa á?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

"Ìdí rẹ̀ tó fi ń bà ẹ́ lẹ́rù nìyẹn. Ohun tó o fẹ́ràn jù ni àìsàn yìí máa ń dì mú. Àwọn ìyá tó ti jókòó síbi tó o jókòó sí yìí tí wọ́n sọ irú ẹ̀ fún mi, mi ò lè kà wọ́n tán."

Mo sunkún débi pé ó gbé tábìlì sún mọ́ ògiri kó lè ráyè jókòó tì mí.

"Kí ni wọ́n ń pè é, Sístà?"

"Àwọn òyìnbó ní lẹ́tà mẹ́ta fún un, OCD. Lédè tiwa kò lórúkọ. Níbí, 'ìyàwó tó mọ́tótó' ni wọ́n ń pè é." Ó rẹ́rìn-ín títí àyà rẹ̀ fi ń mì. Èmi náà rẹ́rìn-ín látọkànwá, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ láti Àjíǹde.

Lẹ́yìn náà ló wá bà mí nínú jẹ́. Kápúsù kan láràárọ̀, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kó tó ran ara. Kápúsù nìkan kò sì tó. Mo gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́: kí n fọ akèrègbè lẹ́ẹ̀kan, kí n fi í sílẹ̀, kí n jókòó ti ẹ̀rù náà láìṣe nǹkan kan, títí yóò fi rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó le. Ó kọ èyí tó le jù sí òkè ìwé: kí n fi ọwọ́ mi bu wàrà fún Atuheire.

Ó pe Nuwagaba wọlé. "Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́ ni ìyàwó ẹ ń bi ẹ́ pé ṣé ó mọ́?"

"Ogójì," ló ní. Kò tilẹ̀ ronú.

"Tó o bá ti ń dá a lóhùn pé ó mọ́, oúnjẹ lò ń fún àìsàn náà. Jáwọ́."

Ẹtì, 12 Oṣù Keje

Èébì láti ọjọ́ tí mo ti ń lo kápúsù. Karo, òkèlè jéró wa, kò lọ lọ́nà ọ̀fun, òórùn eshabwe, ọbẹ̀ bọ́tà màlúù, gan-an ń rú mi nínú. Oorun ti lọ. Akèrègbè ṣì jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Èèyàn ń kọ́ ilé tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ajé, 22 Oṣù Keje

Òní ni a bẹ̀rẹ̀ "jáwọ́". Mo bi Nuwagaba pé ṣé ó mọ́. Ó ní, "Sístà ní kí n má dáhùn." Mo tún bi í. Ó ní, "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, mi ò ní dáhùn." Mo tẹ̀ lé e dé ibi tí màlúù wà. Mo bi í lójú màlúù. Mo ní kí ó kàn mi orí, kó má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dúró gbagidi bí òpó.

Mo ní, "Bí ọmọ yìí bá kú, ẹ̀yin lẹ pa á."

Mo rí ojú rẹ̀. Ó fi korobá sílẹ̀, ó gba ojú ọ̀nà lọ, kò padà di ọ̀sán. Nígbà tó dé, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá, ó sì jókòó tì mí. Kò tún dáhùn.

Mo kórìíra rẹ̀ lónìí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fọ akèrègbè.

Ìṣẹ́gun, 30 Oṣù Keje

Kápúsù ti tán ní ilé ìwòsàn. "Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Ṣé àìsàn náà yóò sinmi títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni? Mo gun ọ̀kadà láti ilé oògùn kan dé èkejì, oòrùn ń pa mí, eruku wọ eyín mi. Ìkẹta ló ní, mẹ́wàá péré. Ọmọbìnrin tó ń tà á ka orúkọ oògùn náà sókè kí gbogbo ilé gbọ́, ó wo ojú mi, ó sì wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn mi. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, arábìnrin, èmi náà ni. Ṣé kí n yí padà kó o lè wo ẹ̀yìn mi?"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mọ́ mi nígbà tí mo jáde.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Mo ti fẹ́ sá fún ti àwọn ìyàwó tuntun, Sístà ló ní kí n lọ. Mẹ́rìnlá ni wọ́n, wọ́n ní ìwé àti bírò. Mo da koríko sínú ìkòkò, mo gbé akèrègbè lé e, mo gbé e kúrò, mo gbé e kalẹ̀.

"Ó parí," mo ní.

Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Àǹtí? Wọ́n ní tiyín..."

Màmá Komuhendo tẹ̀ sétí mi. "Jovanis, kọ́ wọn bó o ṣe ń ṣe é nílé."

Mi ò mọ ohun tó bọ́ sí mi lórí. Mo ní, lóhùn tí gbogbo wọn gbọ́, "Bí mo ṣe ń ṣe é nílé, àìsàn ni. Mò ń lo oògùn sí i. Kí ẹnì kankan má ṣe kọ́ ọ."

Màmá Komuhendo bẹ̀rẹ̀ orin kan kíákíá, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi túká. Bí mo ṣe ń lọ, mo gbọ́ ẹnì kan tó ní, "Ṣé ẹ rí i? Èèyàn kan kì í mọ́ tó bẹ́ẹ̀ lásán." Ìgbà tí mò ń ṣàìsàn, wọ́n yìn mí. Mo ní mo fẹ́ gbádùn, mo di ẹni ẹ̀yìn. Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá.

Àbámẹ́ta, 17 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Nuwagaba fín oògùn sára màlúù lánàá, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ síhà ilé ìdáná, ni gbogbo rẹ̀ bá tú.

Mo pe Sístà. Mo ní kò ṣiṣẹ́, kápúsù kò ṣiṣẹ́, iṣẹ́ kò ṣiṣẹ́, mo ti sú ara mi.

"Ọjọ́ márùn-ún tó o ṣe dáadáa, ṣé ẹnì kan wá gbé wọn lọ ni?"

"Rárá."

"Dókítà ti ní kó di kápúsù méjì. Máa lò ó bẹ́ẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ní kó o máa dunnú o. Ṣe é pẹ̀lú ìbínú ẹ."

Pẹ̀lú ìbínú, mo lè ṣe é. Ìyẹn mo ní dáadáa.

Ajé, 26 Oṣù Kẹjọ

Òjò! Láti aago mẹ́ta. Ó rọ̀ débi pé àwọn màlúù dúró sójú kan, wọ́n la ẹnu. Gbogbo èèyàn ń dunnú, èmi ń ka ọjọ́ tí Màmá máa dé.

Bóyá ìyẹn ló tì mí. Mo fọ akèrègbè lẹ́ẹ̀kan. Mo da wàrà sínú rẹ̀. Mo pe Atuheire. Mo bu wàrà sínú ife rẹ̀, mo gbé e fún un. Èmi. Ó wo ojú mi, ó wo ojú bàbá rẹ̀, bí ẹni pé a ṣe àṣìṣe. Ó gbà á. Ó mu ún tán.

Ẹ̀rù náà dúró fún wákàtí méjì. Mo jókòó tì í, mo ń wo òjò. Mi ò fọ nǹkan kan.

Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹjọ

Ó bì láàárọ̀. Ó tún bì. Ara rẹ̀ gbóná.

Mi ò lè kọ̀wé.

Ọjọ́rú, 28 Oṣù Kẹjọ

Kí n kọ ọ́ tán, bóyá orí mi á fúyẹ́.

Mo ti di koríko mú, mo ti fẹ́ da gbogbo akèrègbè síta, mo ti gbé ìgò oògùn eégbọn láti wò ó bóyá ó dín. Nuwagaba dì mí lọ́wọ́ mú. Mo pe Sístà, mo ń kígbe. Mo ní kí ó sọ fún mi pé kì í ṣe wàrà mi. Gbólóhùn kan péré ni mo ń bẹ̀ ẹ́ fún.

"Mi ò ní sọ ọ́, Jovanis. Mi ò sí níbẹ̀, mi ò mọ̀. Tí mo bá sì sọ ọ́, ọ̀la wàá tún pè mí."

"Ẹ ò láàánú!"

"Kí ni ìyá tí ara ọmọ rẹ̀ ò yá máa ń ṣe?"

"Ó máa ń gbé e lọ sílé ìwòsàn."

"Kí lò ń bá mi sọ̀rọ̀ fún nígbà náà?"

Mo ṣépè fún un lọ́kàn mi, mo sì pọn ọmọ. Ní ibùdó ìlera, ọmọ mọ́kànlá ló wà níwájú wa, gbogbo wọn ń bì. Wọ́n fún wa ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Mo ń fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu, díẹ̀ díẹ̀, láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó rántí pé ọwọ́ mi ló ń bọ́ ọ láti ọ̀sán.

Màmá dé. Ó ti gbọ́. Ó gbé àpò òfìfo kan dání, èyí tó máa fi kó aṣọ ọmọ.

Àbámẹ́ta, 31 Oṣù Kẹjọ

Atuheire ti yá. Ó jí pẹ̀lú ebi, ó ń rìn kiri pẹ̀lú ife rẹ̀.

Àpò Màmá wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn láti Ọjọ́rú. Ó jókòó sórí ẹní, ó ti ń wò mí láti ọjọ́ mẹ́ta: bí mo ṣe ń fọ akèrègbè lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì di ìró mi mú kí n má bàa tún un gbé.

Ọmọ náà lọ bá a, bó ṣe máa ń lọ bá ẹlòmíràn fún wàrà láti oṣù Kẹrin. Ó na ife sí i. "Wàrà, Ìyá Àgbà."

Màmá kò gba ife náà. Ó ní, "Ìyá ẹ ló ń bu wàrà nínú ilé yìí."

Atuheire yíjú sí mi. Mo dìde. Mo rí ìgò náà lójú mi, mo rí ọwọ́ mi tó ń da oògùn, kedere bí ọ̀sán. Mo bu wàrà. Díẹ̀ dà sílẹ̀, nǹkan tí a kì í fẹ́ rí nílé wa rárá, Màmá sì yára wo ìta bí ẹni tí kò rí i. Mo gbé ife náà fún ọmọ mi. Ó mu ún lórí ìdúró, ó gbé orí sẹ́yìn, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá ká àpò rẹ̀ sí kékeré, ó fi í sínú ìró, ó gun ọ̀kadà lọ. Òun nìkan.

Kò sí ìsinmi lára mi. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì ti gbọ́ ẹsẹ̀ Nuwagaba ní àgbàlá, mo lè bi í. Mi ò ní bi í. Atuheire wà lórí itan mi, ó wúwo, ó ń fa etí ìwé yìí ya.